Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Fọn

Igbó-Elérin, Okokomaiko.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi, Àníkẹ́ tèmi,

Awakọ̀ tó ń ná Ìlaròó ti fún mi ní lẹ́tà rẹ. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù láàárín oníbàárà méjì, mo tún un kà nílé, mo sì tún ní kí bàbá rẹ kà á sókè kí etí mi náà lè gbọ́ ọ. Nígbà tó kà á dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe báńdìmásítà ilé ìwé yín, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì!" Ẹ̀rín ló ń rín o, má jẹ́ kó dùn ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún ọkùnrin tó wá ka iná.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé o ti rí ẹni tó ń ta kẹrosíìnì tí wọn kò bu omi là? Ṣé yàrá tí o gbà kò jò? Má gbàgbé láti kí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù kí o tó kí lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Òun ló máa ń wà nílé.

Abala kejì lẹ́tà rẹ ló mú mi jókòó ti ìwé yìí. O ní àwọn ọmọ báńdì náà kò tíì fọn nǹkan kan ní gbangba láti ìgbà tí ẹni tó ṣáájú rẹ ti lọ. O ní owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra ju ìdì ìwé orin kan lọ. Ọ̀gá àgbà yín ti yan tirẹ̀, orin ńlá kan tó gbọ́ nínú rédíò. Ìwọ ń wo òmíràn, orin kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀. Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo tíṣà pé bí ọjọ́ ìfihàn ilé ìwé bá dójú ti òun, òun á ta àwọn fèrè náà, òun á fi owó wọn mọ fẹ́ǹsì. O wá bi mí: "Màámi, èwo ni kí n rà?"

Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo ń ta bọ́tìnnì àti síìpù, èmi lo ń bi léèrè ìwé orin. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà níkùn rẹ. O ti rántí ọjọ́ Ìkórè yẹn. O fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ó dáa, màá sọ ọ́, torí ibi tí o ti rí i yàtọ̀ sí ibi tí mo ti rí i. Ìwọ wà nídìí kílárínẹ́ẹ̀tì, èmi wà nídìí àpò owó.

O ṣì wà ní sẹ́kọ́ndìrì nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe Ìyá Báńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé omi àti pọfupọ́ọ̀fù wá síbi ìdánrawò, kí n máa tọ́jú owó, kí n sì máa bá Bàbá Sájẹ́ńtì lọ ra nǹkan. Bàbá Sájẹ́ńtì ló ń darí báńdì. Kọ́nẹ́ẹ̀tì ló fi jẹ́ sójà. Ó fọn ọ́n ní bárékè títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí di òní kò lè gbọ́ fèrè kó má na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan. Ó ní Ìkórè ọdún náà, a ò ní fọn orin inú ìwé ìsìn nìkan, a máa fọn ojúlówó orin báńdì. Àwọn àgbà ìjọ fún wa lówó, wọ́n ní kí a rí i pé ó tó o.

Àwa méjèèjì wọ mólúè lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan. Àṣé bí wọ́n ṣe ń ta orin nìyẹn! Mo ti rò pé ìwé kan ṣoṣo la máa rà, tí gbogbo yín á kórí jọ lé e lórí. Ọkùnrin tó ń tà á gbé ìdì kan kalẹ̀, ó ní orin kan ṣoṣo nìyẹn. Mo ní ìdì tó nípọn tó báyìí? Ó tú u hàn mí: ti kọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ti kílárínẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ti túbà lọ́tọ̀, kò sí èyí tó jọra. Mo bi í pé kí ló dé tí ti túbà fi mọ́ báyìí tí àmì fi ṣú dúdú lórí ti kílárínẹ́ẹ̀tì, ṣé iye kan náà la máa san lórí méjèèjì? Ó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni mo béèrè o.

Ó wá gbé ìwé kan tó fẹ̀ síta, ó ní, "Ìyá, ìwé ọ̀gá rèé. Owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀."

Mo ní, "Ta ló ń fọn ún?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọn ún, mà. Gbogbo ohùn tó wà nínú ìdì yìí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí. Báńdìmásítà ló máa ń wò ó."

Mo yíjú sí Bàbá Sájẹ́ńtì. "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ orin yìí tẹ́lẹ̀ ni?"

O mọ bí ọ̀rọ̀ bárékè ṣe máa ń wọ Bàbá lára. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Mo ti fọn ún ju bí mo ṣe jẹ ìrẹsì lọ."

"Ó tán nìyẹn. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní fọn, kí la fẹ́ fi ṣe? Ọ̀gá, ẹ máa gbé e padà. Ìdì nìkan la máa rà."

Inú mi dùn nígbà tí a ń bọ̀. Mo ti dín owó kù. Nígbà tí a délé, a tún rí ìwé mélòó kan nínú ìdì náà tí kò sẹ́ni tó máa fọn wọ́n, torí a ò ní irú fèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Bàbá sọ pé ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nímú. Mo ní jàrá ni, mo kó wọn sínú páálí lábẹ́ káńtà mi.

Ìwọ rántí bí a ṣe ń ṣe ìdánrawò nígbà náà. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò gba gbogbo yín, àkókò yín kò sì bára mu. Àwọn kọ́nẹ́ẹ̀tì, ọlọ́jà Alábà ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹ̀yin ọmọ kílárínẹ́ẹ̀tì ń wá ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ń wá ní ọjọ́ Àìkú, torí Sẹ̀wánú tó ń fọn túbà, Ìjánikín ló ti ń bọ̀, iṣẹ́ wẹ́dà kì í sì í jẹ́ kó ráyè láàárín ọ̀sẹ̀. Èmi nìkan àti Bàbá la wà níbi gbogbo rẹ̀, èmi pẹ̀lú abọ́ pọfupọ́ọ̀fù mi.

Mo sì béèrè o! Etí mi kò gbọ́ orin kan tí èèyàn lè fi kùn lẹ́nu nínú gbogbo ohun tí ẹ ń fọn. Mo bi àwọn ará Alábà pé, "Níbo gan-an ni orin náà wà?" Wọ́n ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kílárínẹ́ẹ̀tì ló wà, àwa ń bá wọn gbè é ni." Mo bi yín, ẹ ní ọ̀dọ̀ kọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà. Mo bi Sẹ̀wánú, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Màmá, pọ́ọ̀m-pa-pa ni tèmi. Àwọn tó wà lókè ló ni orin." Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tẹ́ mi lọ́rùn. Kò wá sí mi lọ́kàn láti fi ìdáhùn wọn wéra.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a fi sí i pé kí gbogbo yín pàdé, òjò gbé ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè kọjá láti Ìbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bọ́ sí ọjọ́ Ìkórè.

O rántí ìyókù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dún, ó mi ilé, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ àárín rẹ̀. Pọ́ọ̀m-pa-pa, pọ́ọ̀m-pa-pa. Àwọn kọ́nẹ́ẹ̀tì gbé fèrè lé itan, wọ́n ń ka ìsinmi wọn, iye ìgbà tí ìwé ní kí wọ́n dákẹ́, lábẹ́ ẹnu. Ẹ̀yin náà ń kà. Pọ́ọ̀m-pa-pa. Mo rí Bàbá tó ń yẹ ìwé kọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ń darí wò níwá lẹ́yìn, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já bọ́. Ìgbà náà ni màmá àgbà kan tó jókòó níwájú, tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀, kígbe bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ṣé wọ́n ṣì ń tún fèrè ṣe ni? Ìgbà wo lorin máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀rín gba Sẹ̀wánú lẹ́nu. Túbà náà ké bí àgbò tí wọ́n ń fà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Alábà Rago. Ó parí.

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, a kó báńdì wá, orin la gbàgbé sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ fọn orin ìsìn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ kò kúrò nílẹ̀ títí a fi délé. Àwọn àgbà ìjọ sì sọ fún mi kí n tó jáde pé kí n kó àwọn fèrè náà pa mọ́ ná.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa láàyè ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí gbogbo yín gbé ìwé yín wá, kí ẹ fi fèrè sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, níbo làwọn ìwé tí kò lẹ́ni wà?"

Mo ní, "Jàrá yẹn? Wọ́n wà lábẹ́ káńtà."

"Ẹ bá mi kó jàrá wá."

Ó tẹ́ gbogbo ìwé náà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi pẹpẹ, ó ń fi orúnkún rákò láàárín wọn. Ní àárín orin náà, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ lórí ìwé gbogbo yín, ti fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ṣú bí ìgbà tí èèrà rí ṣúgà; ohun tí ìwé ọ̀gá ì bá ti fi hàn wá nìyẹn. Sẹ̀wánú ní, "Háà! Olórin kò wá sóde!" Bàbá ní kò burú, a ò ní fèrè náà, ó parí, kí wọ́n máa ta ìdì náà.

Ìwọ lo sọ̀rọ̀, ọmọ mi. O kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ìlọsókè-sílẹ̀ èyí jọ ti àwọn kékeré inú ìwé tèmi."

"Àwọn kékeré wo?"

"Àwọn tí ẹ ní ká má fọn, sà."

Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ, ó gbé e súnmọ́ imú. Mo súnmọ́ wọn, èmi náà fẹ́ rí i. Lóòótọ́, àwọn àmì tín-tìn-tín wà níbi tí ìsinmi rẹ wà. Ní bárékè, wọ́n máa ń sọ fún wọn pé ti ẹlòmíràn ni àwọn kékeré náà, wọ́n kàn fi hàn ọ́ kí o lè mọ ìgbà tí o máa wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ yín. Kò rántí pé ní bárékè, ẹni tó ni í jókòó síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́nìkan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó tẹ ìwé yìí ti mọ̀ pé ẹnìkan lè má wá." Ó wá ní, "Lọ gbé fèrè rẹ. Fọn ún."

O fọn ún. Mo ti ń fún ọ lówó ọkọ̀ ìdánrawò láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé o lè dá dúró fọn nǹkan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, abọ́ wà lórí itan mi. Sẹ̀wánú ṣí fìlà, ó ní, "Màmá, jàrá yín rèé o."

Nígbà Àjíǹde, ẹ tún orin náà fọn, lẹ́yìn tí gbogbo yín ti pàdé lábẹ́ igi ìta ṣọ́ọ̀ṣì láìka òòrùn sí. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, mo gbọ́ màmá àgbà yẹn: "Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Nítorí náà, Bọ́sẹ̀dé, ohun tí mo mọ̀ rèé, kò pọ̀.

Àkọ́kọ́, má tíì wo orúkọ orin kankan. Ẹni tó bá wá ra síìpù lọ́dọ̀ mi, mo máa ń ní kó fi aṣọ hàn mí ná. Síìpù tó dára jù lórí káńtà kò wúlò fún un bí aṣọ rẹ̀ bá fúyẹ́. Á fà á ya. Kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ sílẹ̀, kí o kọ ohun tí kálukú wọn lè fọn lónìí sí iwájú orúkọ rẹ̀. Lónìí o, kì í ṣe ohun tí o rò pé wọ́n á lè fọn tí wọ́n bá dàgbà. Aṣọ tìrẹ nìyẹn.

Ìkejì, lórí ìdì méjèèjì tí o ń wò, béèrè pé ta ni orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹni náà bá sinmi, ta ló gbà á? Ṣé ẹni náà wà nínú kíláàsì rẹ? Tí kò bá sí, ṣé wọ́n fi àwọn àmì kékeré rẹ̀ sínú ìwé ẹlòmíràn? O kọ̀wé pé nínú orin kéékèèké mẹ́ta yẹn, ó jọ pé orin máa ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé olúkúlùkù ọmọ á ní ibi tí ìyá rẹ̀ á ti lè tọ́ka sí i pé ọmọ mi ló ń fọn yẹn. Ìwọ wádìí rẹ̀. Bí mo bá dúró síbi tí o dúró sí, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa lọ.

Wàyí o, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o là mí lóye. Ìsinmi yẹn. Ẹnìkan jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹ dákẹ́, ó sì kọ bí ìdákẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó. Àwa sì san owó rẹ̀. Ó ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ṣé ìdákẹ́ kò le ju fífọn lọ fún ọmọdé? Ọmọ tó bá ń kà fún ìgbà pípẹ́, ọkàn rẹ̀ á lọ sílé, á lọ bá oúnjẹ. Tí o bá ń yan orin, wo ibi tí ìdákẹ́ bá ti gùn jù, kí o bi ara rẹ léèrè pé ọmọ wo lo lè fi síbẹ̀ tí kò ní sùn.

Má pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí a ṣe ṣe. Bí yàrá kò bá gbà yín, ẹ bọ́ síta. Kí gbogbo wọn gbọ́ ara wọn láti ọjọ́ kìíní, kódà bí ó bá dún bí ariwo.

Ní ti túbà yín tí o kọ̀wé pé ihò wà lára rẹ̀, mo bi Sẹ̀wánú. Ó ní o kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi iná ńlá kàn án, òun wẹ́dà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, kó fi lẹ́ẹ̀dì dí i. Ó tún ní kí o bá òun kí àwọn ọmọ báńdì rẹ.

Ó wá ku ọ̀gá àgbà yín. Má sọ fún un pé orin tó yàn kò dára, má sì sọ pé ó le jù; á ní o fojú kéré ilé ìwé òun. Ra ìwé ọ̀gá ti orin rẹ̀ yẹn kí o tó ra ìdì kankan. Ṣí i síwájú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Sà, ẹni yìí kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹni yìí náà kò sí. Ẹni yìí ló ni orin níbí, òun náà kò sí." Kó fi ojú ara rẹ̀ rí àga tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ṣí ti àwọn kéékèèké mẹ́ta náà, kí o máa pe orúkọ ọmọ tó máa fọn ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ olóye, òun fúnra rẹ̀ á yan èkejì, á sì máa sọ fún àwọn tíṣà pé òun ló yàn án. Jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn fèrè náà ṣáà wà níbẹ̀, kí fẹ́ǹsì lọ wá owó tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní owó ìdì nìkan ni wọ́n fún ọ. Owó tó wà nínú àpòòwé yìí, èmi àti bàbá rẹ ló dá a. Owó ìwé ọ̀gá ti orin méjèèjì ni. Má fi ra kẹrosíìnì, má fi ra bàtà. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní fọn ni kí o fi rà.

Tí ọjọ́ ìfihàn bá pé, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá wá. Fi mí sí ẹ̀yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa wò mí, kí o sì wá ìwé ọ̀gá kan yá mi láti gbé lé itan. Mi ò ní lè kà á. Ṣùgbọ́n kọ́ mi ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, màá máa fi ìka tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ó wù mí kí n mọ bí ìdákẹ́ ṣe rí lójú ìwé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ bá ń kà á.

Èmi ni ìyá rẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Ìyá Bọ́sẹ̀.